Ọmọ Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé: Ọ̀rọ̀ Nípa Jẹjẹrẹ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àwọn Ọmọdé

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ra ìwé kékeré yìí kí ẹ lè mọ ọjọ́ tí oṣù yóò lé, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ àjọ̀dún, àti ìgbà tí ó yẹ láti gbin àgbàdo tàbí láti wa iṣu. Èmi pẹ̀lú ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ara ògiri yàrá mi ni mo máa ń fi í kọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní ọdọọdún, kí n tó fi í kọ́, mo máa ń ṣí i sí ojú ewé oṣù Agẹmọ, n ó sì fi lẹ́ẹ̀dì fa ilà kan sábẹ́ ọjọ́ kejìlá. Kì í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún, kò sì sí ohun tí a tẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ náà ni ọmọ mi ọkùnrin kú, ní ọdún 2007, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 2026 yìí, ọjọ́ náà bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí a ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìlera ti ọdún yìí, mo rò pé n ó kọ nípa omi mímu tàbí nípa ibà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi wí fún mi pé, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ìwé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá, nígbà wo ni ẹ óò kọ ti ọmọ tiwa?" Nítorí ọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe kọ èyí. Orúkọ ọmọ náà kò ní sí nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó bẹ̀ mí pé kí n fi orúkọ náà sílẹ̀ fún àwa ará ilé.

Kí n sọ irú ọmọ tí ó jẹ́ fún yín. Òun ni ó máa ń gbé agolo ṣọ́ọ̀kì mi tẹ̀lé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kíkà nǹkan ni ó fẹ́ràn jù lọ: a máa ka ewúrẹ́ tí ó kọjá, a máa ka òpó ilé, a sì máa ka àwọn tí ó wá sí ìsìn. Nígbà tí mo bá ń kọ ebè, òun a tẹ̀lé mi lẹ́yìn, a máa kà wọ́n títí dé ogún. Ó mọ mọ́kànlélógún, ó mọ méjìlélógún, títí dé mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí èyí tí ó tẹ̀lé e, "márùnlélógún" ni òun yóò wí. Mo wí fún un pé "márùndínlọ́gbọ̀n" ni à ń pè é, nítorí pé a ti ń wo ọgbọ̀n níwájú, a sì yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ti dé ọgbọ̀n ni, tí ẹ fi ń yọ márùn-ún kúrò níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Títí ó fi lọ, kò gbà fún mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, mo fún un ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin àgbàdo sí ìlà méjì.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ni ó wí fún ìyá rẹ̀ pé eyín kan ń mì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ọ̀tún. Nítorí pé eyín ọmọ ọdún mẹ́fà a máa mì, a sì máa bọ́, a kò kà á sí. Ṣùgbọ́n eyín iwájú ni ó máa ń kọ́kọ́ mì fún ọmọdé. Eyín ẹ̀yìn, èyí tí a fi ń rún oúnjẹ, ni ó ń mì fún tirẹ̀. Bí mo bá mọ̀ ni, ìyẹn nìkan ìbá ti là mí lójú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wú. Àwọn kan ní ṣegede ni, a sì fi òrí pa á. Àwọn mìíràn ní eéwo ìdí eyín ni. Ní ọjọ́ ọjà, mo mú un tọ ọkùnrin kan lọ tí ó máa ń yọ eyín fún àwọn ará oko, ó sì yọ méjì. Ìrọ̀rùn ni eyín náà fi bọ́, bí ẹni fa igi nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, ṣùgbọ́n wíwú náà kò lọ sílẹ̀.

Ohun tí ó tàn wá jẹ jù lọ ni pé kò dun ọmọ náà. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó sì ń kà. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ bí olú ti ń hù: ní alẹ́ a kò rí i, ní òwúrọ̀ ó ti yọ orí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wíwú náà rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta náà, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń yọ síta, ikùn rẹ̀ pẹ̀lú sì ti ń le. Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì kan ní ilé egbòogi agbègbè wa wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wí pé, "Tíṣà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá yín nílé." Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, a sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Níbẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ nínú ibi tí ó wú, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Dókítà obìnrin kan, tí kò dàgbà ju àbúrò mi lọ, pe èmi àti ìyá rẹ̀ sí yàrá. Ó ní jẹjẹrẹ ni, irú èyí tí a ń pè ní jẹjẹrẹ Burkitt. Ẹnu yà mí, nítorí mo rò pé àwọn àgbàlagbà nìkan ni jẹjẹrẹ ń mú. Ó ní, "Bàbá, kò sí jẹjẹrẹ tí ó ń yára dàgbà tó èyí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń yára dàgbà náà ni oògùn ṣe ń tètè rí i mú. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni yóò gbà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni yóò sì wà láàárín wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ rí i pé ó gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sínú iṣan ọwọ́. Wọ́n ní kí ó máa mu omi púpọ̀, nítorí pé nígbà tí oògùn bá pa jẹjẹrẹ náà, òkú rẹ̀ a máa gba inú kíndìnrín jáde, omi ni ó sì ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ọmọ náà ni ó ń ka ife omi náà fún wa. Ní ọjọ́ kẹta, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń pa dé. Ní ọjọ́ keje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí òrí tí a gbé sínú oòrùn ni wíwú náà ti yọ́. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ó gba abẹ́rẹ́ kejì ní oṣù Èbìbí. Irun orí rẹ̀ re, ó sì ń fi orí rẹ̀ dídán ṣe ẹ̀rín. A mú un wálé, a sì ṣe ìdúpẹ́. Mo dìde níwájú gbogbo ìjọ, mo ní ọmọ mi ti sàn. Irọ́ ni mo pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko mọ bí ìgbà náà ti máa ń rí. Iṣu àtijọ́ ti tán, tuntun kò tíì jáde. Kòkó kò tíì gbó lórí igi. Owó iṣẹ́ mi ti bá abẹ́rẹ́ méjì àti owó ọkọ̀ lọ, èpò sì ti bo oko. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé, "Ọmọ tí ó ń sáré kiri àgbàlá, kí ni abẹ́rẹ́ tún fẹ́ ṣe fún un? N ó mú un lọ nígbà tí mo bá ta àgbàdo." Ìyá rẹ̀ ní kí a yá owó. Èmi ní kí a ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí ó ti rí: ìyá rẹ̀ ni ó tọ̀nà, èmi ni mo ṣìnà. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ kẹta kọjá, ti ẹ̀kẹrin náà sì kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Òkúdù, orí fífọ́ ni ó fi jí, ó sì bì. Ní ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan, ojú rẹ̀ kan kò sì pa dé mọ́. A sáré padà lọ. Dókítà náà kò bú mi, bẹ́ẹ̀ ni ìbá sàn fún mi bí ó bá bú mi. Ó ní àrùn náà ti dé inú omi tí ó yí ọpọlọ ká. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ láàárín eegun ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní agbára wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní ọjọ́ kan ó bi mí léèrè bí àgbàdo òun bá ti gbó. Mo ní ó ti gbó. Ó ní, "Ẹ má jẹ ẹ́ tán o." Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó kú.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, bàbá àti ìyá kì í tẹ̀lé ọmọ kékeré lọ sí ibojì. Àwọn àgbà ni ó gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílé. Gbogbo ẹni tí ó wá kí wa ni ó ń wí pé, "Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́, n kò gàn án. Ṣùgbọ́n omi tí ó dànù náà, orúkọ ni ó ń jẹ́ nínú ilé wa. Wọ́n ní kí a má ṣe pè é mọ́, kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè rọ̀. Fún ọdún mẹ́ta a kò pe orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún kẹta, mo rí ìlà àgbàdo méjì lẹ́yìn ilé, èmi kò sì gbin nǹkan kan síbẹ̀. Mo bi ìyàwó mi léèrè. Ó ní, "Àgbàdo rẹ̀ ni." Ní ọdún tí ọmọ náà kú, ó ti fi odidi mẹ́rin sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì so wọ́n rọ̀ sókè ààrò níbi tí èéfín yóò ti máa kàn wọ́n. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbìn ín ní ọdọọdún, tí ó sì ń fi irú rẹ̀ pamọ́, kò sì wí fún mi. Èmi tí a ń pè ní olùkọ́ ti pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́ta, mo sì rò pé ìgboyà ni. Ìyàwó mi ni ó mọ bí a ti í rántí ọmọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa àrùn yìí, mo sì ti rí i pé àwọn tí kò gbàgbé àwọn ọmọ tí ó ṣe ni ó rí oògùn rẹ̀. Ní ọdún 1897, Albert Cook, oníṣègùn míṣọ́nnárì, dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní Uganda. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ nípa àwọn ọmọdé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bẹ́ẹ̀, ó sì ya àwòrán wọn. Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, wọ́n fi ọmọ ọdún márùn-ún kan han Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ti ilẹ̀ Ireland wá, ẹni tí ó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ó fi ń ríran láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú ní ọ̀tún àti ní òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Burkitt kò ní oògùn tí ó lè fún un, ṣùgbọ́n ó ya àwòrán rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó kúrò lọ́kàn òun. Láìpẹ́, ó rí ọmọ mìíràn tí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú Jinja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Ní ọdún 1958 ó tẹ ohun tí ó rí jáde.

Lẹ́yìn náà, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àti ti míṣọ́n káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó ní, "Ǹjẹ́ ẹ ti rí irú èyí?" Ní ọdún 1961, òun àti oníṣègùn méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ògbólógbòó ọkọ̀ kan, wọ́n sì rin ìrìn nǹkan bí 10,000 máìlì láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì. Wọ́n rí i pé àrùn náà pọ̀ níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa tí ooru sì mú, kò sì sí ní orí òkè gíga tí otútù wà. Irú ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ sí ni ó pọ̀ sí. Ní ọdún 1964, Anthony Epstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ́nù rí kòkòrò àrùn kékeré kan nínú rẹ̀, èyí tí a kò rí irú rẹ̀ rí nínú jẹjẹrẹ ènìyàn.

Ilẹ̀ tiwa náà ní ìpín nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1957 kan náà tí Burkitt rí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ni a ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn náà ni Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Cameroon, ti ṣiṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ, tí ó sì fi oògùn tọ́jú àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí. Ní ọdún 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà nítorí iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i: bí a bá ti sin àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tí a sì ti pa ẹnu mọ́ nípa wọn, ta ni ìbá wá oògùn kiri fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àrùn náà jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́. Inú àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ó ń bá àrùn jà fún ara, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣìnà, ó sì ń bí sí i láìdúró, tó bẹ́ẹ̀ tí wíwú náà fi lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì. Kòkòrò àrùn tí mo sọ yẹn wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní ibi. Ṣùgbọ́n níbi tí ibà bá ti ń kọlu ọmọdé léraléra, agbára ara láti ṣọ́ kòkòrò náà a máa dín kù. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án ni ó máa ń mú jù, ó sì máa ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ. Kì í ràn. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmì pé ọmọ náà jẹ́ àbíkú. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé mo ti rí ìyá tí a kò jẹ́ kí ó sunkún ọmọ rẹ̀ nítorí orúkọ náà.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ mọ̀ nìyí, kì í ṣe ti àrùn yìí nìkan, bí kò ṣe ti jẹjẹrẹ ọmọdé ní gbogbogbòò:

Èkíní, wíwú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ọrùn, ní ikùn tàbí níbòmíràn, tí ó ń pọ̀ sí i, yálà ó ń dun ọmọ tàbí kò dùn ún.

Èkejì, eyín ẹ̀yìn tí ó ń mì láìṣe pé ọmọ ṣubú, tàbí ojú tí ó ń yọ síta.

Ẹ̀kẹta, ìmọ́lẹ̀ funfun ní àárín ẹyinjú, bí ojú ológbò lóru, tàbí ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Jẹjẹrẹ ojú lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá sì tètè mú un, a lè gba ẹ̀mí ọmọ là, nígbà mìíràn a sì lè gba ojú náà là.

Ẹ̀kẹrin, ibà tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà, ara tí ó ń funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń yọ láìnídìí, tàbí egungun tí ó ń dun ọmọ tí kò jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ̀karùn-ún, orí fífọ́ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú èébì, tàbí ọmọ tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó fa ìwọ̀nyí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó wí bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ èmi àti ẹ̀yin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ la wíwú náà tàbí kí ó yọ eyín nídìí rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí a bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ má ṣe fi ojú wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ sọ pé ó tán. Bí a bá ro oko tí a kò sì wú gbòǹgbò èpò, ẹ mọ ohun tí òjò kan yóò ṣe. Bí ibà bá mú ọmọ láàárín ìtọ́jú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e padà lọ, nítorí pé oògùn náà a máa dín àwọn ọmọ ogun ara kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó ju mẹ́jọ lọ nínú ọmọ mẹ́wàá tí jẹjẹrẹ mú tí ó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò ní owó púpọ̀, wọn kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ní ọdún 2018, àjọ náà dáwọ́ lé iṣẹ́ kan, kí ó lè tó mẹ́fà nínú mẹ́wàá ní gbogbo ayé kí ó tó di ọdún 2030. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò lágbára ju tiwa lọ. Àwọn òbí wọn ń tètè dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń rí ọ̀nà parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn. Ní ọdún 2013, mo rí ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan nínú kíláàsì mi tí ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ó la ẹnu. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ méjì ń mì. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo sì fi kíláàsì sílẹ̀. Kí ọjọ́ méjì tó pé, òun àti ìyá rẹ̀ ti dé ilé ìwòsàn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa ṣe àáró, wọ́n ro oko bàbá rẹ̀, wọ́n sì ta ẹ̀bù iṣu rẹ̀ sínú ebè fún un. Àwọn obìnrin fi owó èsúsú wọn ṣe owó ọkọ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà jọ̀lọ̀, bàbá rẹ̀ sì tọ̀ mí wá, ó ní, "Tíṣà, ṣé kò tó báyìí?" Mo mú un jókòó sí ẹ̀yìn ilé mi, níwájú ìlà àgbàdo méjì náà, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín fún un, láìyọ ẹ̀bi tèmi kúrò. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Ó dìde, kò wí nǹkan kan, ó sì mú ọmọ rẹ̀ padà lọ. Ọmọ náà gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ọdún tí ó kọjá, ó gba òmìnira nínú iṣẹ́ aránṣọ. Aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ sí ìsìn, òun ni ó rán an.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ti lọ, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti pe orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá mọ àrùn tí ó pa á, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún aládùúgbò yín. Bí ẹ bá sì rí òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe kí i nìkan. Ẹ bi í léèrè ibi tí èpò dé nínú oko rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Agẹmọ ọdún yìí, nígbà tí a bá ti ìsìn dé, a ó ṣẹ́ àgbàdo rẹ̀, a ó sè é, a kò sì ní jẹ ẹ́ tán. Ìyá rẹ̀ yóò pe orúkọ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n yóò sì pè é. Bí ó bá wà láàyè ni, ìbá ti pé márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n a kò bá a dé ọgbọ̀n, kò sì sí ohun tí a ó yọ kúrò. Nínú ilé tiwa, ní ọjọ́ náà, márùnlélógún ni a ó kà á.